Mo rí òkúta dúdú àti àpáàdì nínú ihò sókàwéè mi ní Kwali. Ta ni kí n sọ fún?

Àkànní_Kwali kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ìmọ̀ràn, mo sì fẹ́ ẹ kíákíá, torí pé ọ̀la ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń padà bọ̀.

Mo ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn Kwali, ní ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́ja, tí mo ti ń kọ́lé sí díẹ̀díẹ̀ láti èṣí. Ní Sátidé, wọ́n ń gbẹ́ ihò sókàwéè. Nígbà tí ihò náà jìn dé àyà èèyàn, dígà bẹ̀rẹ̀ sí í ró gán-ín gán-ín. Òkúta dúdú ni wọ́n ń gbé jáde. Ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ara rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti inú àkàrà, ibòmíràn lára rẹ̀ sì ń dán bíi gíláàsì. Àpáàdì pọ̀ láàárín rẹ̀, àwọn kan ní ilà tí wọ́n fà sára rẹ̀. Àwọn nǹkan amọ̀ kan tún wà tó rí bíi páìpù, ó ti fọ́, ẹnu rẹ̀ kan ti jóná. Ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú ihò náà, ilẹ̀ pupa bíi bíríkì tí wọ́n sun, ó ṣe róbótó bí ẹni gbé ìkòkò ńlá sínú ilẹ̀, èédú sì kún inú rẹ̀.

Wọ́n ti da èyí tó pọ̀ síta kí n tó dé. Kò pé wákàtí méjì tí ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, n kò mọ ẹni tó pè é. Ó ní ṣé a rí "orí". Mo ní orí wo? Ó ní orí amọ̀, pé bí a bá rí i, owó tí òun máa san, n kò ní gbàgbé. Ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Fóríman mi ní kí n jẹ́ kí àwọn parí ihò náà kí òjò tó dé. Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀.

Kí ni nǹkan yìí?

Ìyá_Ìbejì_Nyanya kọ:

Ìyàwó yín ló sọ òótọ́, sà. Ìkòkò tó wà nínú ilẹ̀, tí èédú wà nínú rẹ̀, ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ ìdí tó fi gbé e síbẹ̀. Ẹ pe àwọn àgbà àdúrà wá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Mi ò fi dẹ́rù bà yín o, ọmọ kéékèèké ló máa gbé inú ilé yẹn.

Fóríman_Gwarinpa kọ:

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́lé ní Àbújá yìí, láti Lugbe dé Gwagwalada. Àpáàdì kò jẹ́ tuntun sí wa. Kò sí ibi tí a gbẹ́ tí a ò rí i, torí pé àwọn Gbagyi ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó sọ ọ́ di olú-ìlú. Bí a bá dúró ní gbogbo ìgbà tí a bá rí àpáàdì, ilé kankan kò ní dúró. Owó ọmọ iṣẹ́ ojúmọ́ kan, ẹ mọ iye tó jẹ́. Sìmẹ́ńtì tí ẹ ti rà sílẹ̀ á dì. Ẹ jẹ́ kí fóríman yín ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá_Alágbẹ̀dẹ_Mínnà kọ:

Àkànní, ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré sí i.

Mú ọ̀kan nínú òkúta yẹn, fi irin kàn án. Bó bá dún bí irin, tí ara rẹ̀ rí bí ohun tó ṣàn tí ó wá dì lójú ọ̀nà, ìdàrọ́ ni. Kì í ṣe òkúta. Ìdọ̀tí tí irin yà sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ ni. Ohun pupa róbótó tí o rí yẹn, ìsàlẹ̀ ìléru ni. Páìpù amọ̀ tí ẹnu rẹ̀ jóná yẹn ni wọ́n ń kì bọ inú ìléru kí ẹwìrì lè fẹ́ atẹ́gùn sí iná. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kí ìyàwó rẹ fọkàn balẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni.

Ìdílé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, lágbègbè Èjìgbò. Èmi kò bá wọn yọ́ irin rí, irin òkè òkun ti pa iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi, àjókù mọ́tò ni bàbá mi fi ń rọ ọkọ́. Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ wà káàkiri oko wa, òkìtì òkìtì. Àwa ọmọdé máa ń jókòó lé e. Ní Ìsúndúnrin tó wà nítòsí wa, wọ́n ti yọ́ irin níbẹ̀ rí. Bàbá mi àgbà máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló rò pé irin máa ń ṣàn bí omi nínú ìléru. Ìdàrọ́ ló ń ṣàn. Irin fúnra rẹ̀ máa ń kó ara jọ ní ìsàlẹ̀ bíi kókó ńlá, tó dà bíi kànìnkànìn, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á máa lù ú títí ìdọ̀tí inú rẹ̀ á fi tán. Èédú ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Igi tí kò le kì í ṣe èédú ìléru.

Nígbà tí mo ka ohun tí o kọ, ara mi gbọ̀n. Bá mi wò ó, ṣé páìpù náà ní ìdàrọ́ lẹ́nu?

Awalẹ̀_Jọ́ọ̀s kọ:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Ìbàdàn, Jọ́ọ̀s ni mo ń gbé báyìí, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ yí padà nínú ohun tí ẹ sọ.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iṣẹ́ ihò yẹn dúró. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ "kó wọn jáde kí ẹ tọ́jú wọn". Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa máa ń wà. Èèyàn máa ń rò pé ohun tí a ń wá ni àpáàdì tàbí ère. Ohun tí a ń wá ni bí nǹkan ṣe jókòó ti ara wọn nínú ilẹ̀. Àpáàdì tó wà lábẹ́ èédú ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dáná, èyí tó wà lókè rẹ̀ dé lẹ́yìn tí iná kú. Bí ẹ bá ti kó méjèèjì sínú báàgì kan náà, wọn kò lè sọ ìtàn yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Ẹ ò lè dá ilẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Ẹ wo èédú yẹn. Gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí, igi, ẹran, èèyàn, ló ní irú kábọ́ọ̀nù kan nínú tó máa ń dín kù láti ọjọ́ tí nǹkan náà bá ti kú. Bó bá pé 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Willard Libby ará Amẹ́ríkà ló wá ọ̀nà tí a fi ń wọn èyí tó ṣẹ́ kù, ní ìparí àwọn ọdún 1940, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Nítorí náà, èédú kékeré tó wà nínú ìléru yín lè sọ ìgbà tí wọ́n gé igi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ibi tí èédú náà ti wá gan-an, bó ṣe inú ìléru ni tàbí ibi tí ẹnì kan ti sun iṣu ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò wúlò.

Kí sì nìdí tí mo fi ń kọ̀wé bí ẹni tí iná ń jó? Torí ibi tí ẹ wà. Ní agbègbè olú-ìlú yìí kan náà, níbi kan tí wọ́n ń pè ní Taruga, ní gúúsù ìlà-oòrùn Àbújá, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Bernard Fagg, walẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó rí ìléru 13, àti ère amọ̀ irú èyí tí a ń pè ní Nok. Èédú ibẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti ń yọ́ irin níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú ìbí Kristi, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ó wà lára àwọn ibi tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ tí wọ́n ti yọ́ irin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mi ò sọ pé ti yín náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ igba ọdún péré. Ìdàrọ́ kì í fi ojú sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe lálẹ́ yìí rèé. Ẹ ta tapólì bo ihò náà, kí ẹ fi òkúta di etí rẹ̀ kí òjò má wọlé. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ gbé rúlà tàbí tépù tí wọ́n fi ń wọn ilé síbẹ̀ kí a lè mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Àwọn tí wọ́n ti dà síta, ẹ ṣà wọ́n sínú àpò ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òkè ilẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ má fọ̀ wọ́n. Nínú àpáàdì tí ẹnì kan ò fọ̀ ni a ti máa ń rí ohun tí wọ́n sè níbẹ̀.

Àkànní_Kwali kọ:

Mo ti kàn án, Bàbá. Ó dún bí irin. Mo sì wo páìpù náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: nǹkan dúdú dídán kan lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́nu bí ẹ ṣe wí. Mo ti ta tapólì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ̀rù ilẹ̀ ń bà mí. Gbogbo owó tí mo fi ọdún mọ́kànlá kó jọ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Bí mo bá pe ìjọba, ṣé wọn ò ní ní kí n kúrò níbẹ̀? Ọkùnrin ọ̀kadà yẹn sì ti tún pè lẹ́ẹ̀mejì lónìí.

Ọmọ_Ìlọrin_Wuse kọ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò. Bó bá ṣe pé ère ni wọ́n rí níbẹ̀, ta ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀? Wọ́n á gbé e lọ sí yàrá kan tí iná mànàmáná kò sí, eruku á bò ó, àbí kó tibẹ̀ pòórá. Bó bá dé Paris tàbí New York, wọ́n á fi gíláàsì bò ó, gbogbo ayé á máa wò ó, orúkọ Nàìjíríà á sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó sì rí i á rí nǹkan fi kọ́lé. Mi ò rí ìwà ọ̀daràn níbẹ̀. Tálákà ló wa ilẹ̀ rẹ̀.

Awalẹ̀_Jọ́ọ̀s kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìlọrin, mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́ síta, torí pé èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó dàgbà ju mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Nok dá yín lóhùn, torí òun gan-an ni ọkùnrin ọ̀kadà ń wá.

Àwọn tó ń wa kùsà tánganran ní abúlé Nok, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ti òní, ló kọ́kọ́ bá ère amọ̀ pàdé ní 1928. Ní 1943, wọ́n rí orí amọ̀ mìíràn ní ìtòsí Jema'a. Akọ̀wé kan gbé e lọ sílé, ó fi dẹ́rù ba ẹyẹ nínú oko iṣu rẹ̀ fún bí ọdún kan. Ọ̀gá kùsà náà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e wá sọ́dọ̀ Fagg ní Jọ́ọ̀s. Nítorí pé Fagg mọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ àti bó ṣe jìn tó, ó rí i pé ó jọ ti abúlé Nok, ó wá bẹ awakùsà kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n máa kó ohun tí wọ́n bá rí wá. Bí mùsíọ́ọ̀mù Jọ́ọ̀s tí wọ́n ṣí ní 1952 ṣe rí ìpìlẹ̀ nìyẹn. Láti 2005, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Goethe ní Frankfurt, Peter Breunig àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, walẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún púpọ̀. Àwọn ló jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn èèyàn yẹn ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1500 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n ń gbin ọkà jéró àti ẹ̀wà. Wọ́n fọ́ àpáàdì wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n yẹ ọ̀rá tó ti wọ inú amọ̀ wò, wọ́n rí ìda oyin. Wọ́n tún rí àmì ewé tí wọ́n sè. Ní 3,500 ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní àríwá yìí. Nígbà tí mo kà á, mo jókòó, mo sunkún díẹ̀. Àpáàdì tí Fóríman Gwarinpa ní kò jẹ́ tuntun yẹn ló sọ ọ́.

Ère tó gba Paris lọ kò sọ ìkankan nínú èyí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ lóru fi ṣọ́bìrì tú ilẹ̀ ká, ó sọ ìkòkò àti èédú nù, orí nìkan ló gbé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba Faransé ra méjì nínú ère Nok àti ọ̀kan láti Sókótó lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, nígbà tí òfin wa ti ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ jáde. Ariwo ta. Ní 2002 wọ́n gbà pé Nàìjíríà ló ni ín, a sì yá wọn fún ọdún 25. Ère Nok márùn-ún mìíràn tí àwọn aṣọ́bodè Paris gbà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò kan, 2013 ni wọ́n tó dá a padà. Wọ́n padà, ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ihò wo ni wọ́n ti wá, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣé ibojì ni àbí ojúbọ. Kò sẹ́ni tó lè dá yín lóhùn.

Ní ti owó, ẹ̀gbọ́n, kì í dé ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mo ti jókòó pẹ̀lú irú wọn ní gúúsù Kàdúná. Ohun tí wọ́n fún wọn kò tó ra àpò ajílẹ̀ méjì.

Ó dùn mí pé àwọn yàrá wa rí bí ẹ ṣe wí yẹn. Mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tí kò dára, a lè tún un ṣe. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tú ká kò ní àtúnṣe.

Alhaja_Pọ́tískùm kọ:

Èmi ti gbé ní Yobe fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, aṣọ ni mo ń tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ ojú omi Dufuna fún yín.

Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga fún àwọn màlúù rẹ̀ ní Dufuna, kò jìnnà sí wa. Nígbà tí ó gbẹ́ ẹ dé nǹkan bíi mítà márùn-ún, ó kan igi líle. Kò fi àáké là á. Ó lọ sọ fún olórí abúlé rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Màídúgùrì, Abubakar Garba, pẹ̀lú Breunig tí àbúrò wa dárúkọ yẹn, wá wú u jáde: ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, ó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, ó sì ti tó 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tó pẹ́ tó o ní gbogbo Áfíríkà tí a mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Yobe, ẹ mọ bí ọ̀dá ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ wá rò ó pé omi ti fìgbà kan rí tó ibẹ̀ tí wọ́n fi ń wakọ̀ lórí rẹ̀, torí pé adágún Chad ìgbà náà tóbi kọjá èyí tó kù lónìí.

Ọmọkùnrin mi tó ń gbé Ṣáínà sọ fún mi pé ibi tí àwọn àgbẹ̀ kan ti ń gbẹ́ kànga ni wọ́n ti rí àwọn ọmọ ogun amọ̀ ọba wọn àtijọ́ ní 1974, lẹ́bàá Xi'an. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun amọ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

Àkànní, máa rántí darandaran yẹn.

Ọ̀dọ́_Zaria kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ṣàrífín sí àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n a jẹ́ Yorùbá níbí. Ìtàn Nok àti Taruga kì í ṣe tiwa. Kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú tó báyìí lórí ìdàrọ́ àwọn ẹlòmíràn?

Bàbá_Alágbẹ̀dẹ_Mínnà kọ:

Ọmọ mi, ẹni tó yọ́ irin, èdè yòówù kó máa sọ, ará ilé mi ni.

Ṣùgbọ́n o mú mi rántí ohun tí gbogbo wa gbàgbé. Àkànní, ṣé o ti sọ fún olórí abúlé tí o ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn? Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ yẹn kí gbogbo wa tó dé. Àtọwọ́dọ́wọ́ amọ̀ wọn kò kéré. Wo ẹ̀yìn owó ogún náírà, obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni. Kwali tìrẹ yẹn gan-an ni. Ó kọ́ iṣẹ́ ìkòkò lọ́wọ́ obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀, kí ó tó lọ sí ilé ìkòkò tí òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́ tí à ń pè ní Suleja. Kí o tó lọ bá ìjọba, lọ bá onílẹ̀. Wọ́n lè mọ ohun tí ìwé kò mọ̀.

Fóríman_Gwarinpa kọ:

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti àná. Mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ Awalẹ̀. Ní Ifẹ̀ nílé wa, ṣé bí a ṣe ń gbẹ́lẹ̀ ilé náà ni wọ́n ṣe rí àwọn orí idẹ? Ohun tí bàbá mi sọ fún mi nìyẹn, mo sì rò pé àlọ́ ni.

Awalẹ̀_Jọ́ọ̀s kọ:

Òótọ́ ni bàbá yín sọ, ẹ̀gbọ́n. Ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n fi kan àwọn orí idẹ, kò jìn rárá nínú ilẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn kan ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó rà wọ́n. Ọ̀kan wà ní British Museum di òní. Méjì tí William Bascom ará Amẹ́ríkà rà, ó dá wọn padà ní 1950. Ní Ìta Yemòó, 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè kọ́lé ni. Ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ìgbò, ọkùnrin kan ń gbẹ́ kòtò omi lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àwa máa ń dé nígbà tí dígà ti wọlé.

Ọ̀dọ́ Zaria, ẹ wo Igbó Olókun ní Ifẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan rò pé láti òkè òkun ni gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti wá. Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ níbẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 àti ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, ó hàn pé Ifẹ̀ ló ṣe é fúnra wọn, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá. Bó bá ṣe pé wọ́n ti ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nìkan tà, tí wọ́n da àfọ́kù ìkòkò nù, wọ́n ì bá ṣì máa sọ pé àwọn ará òkè òkun ló ṣe é. Àfọ́kù ni ẹ̀rí wa. Ẹni tó ń tọ́jú àfọ́kù Gbagyi lónìí, òun náà ni mo fẹ́ kó wà ní Ifẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Nyanya kọ:

Mo fi ìkòkò mi wé ti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ọdún 3,500 yẹn lánàá, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká mọ bó bá ṣe ń lọ, Bàbá Àkànní.

Àkànní_Kwali kọ:

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Mo kọ́kọ́ lọ bá olórí abúlé. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì í, ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó wá ní ìyá òun àgbà máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má dáko ní apá ibẹ̀, torí ọkọ́ á máa fọ́. Kò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìdàrọ́ lé e lọ́wọ́, ó yí i wò títí, ó wá rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò ó.

Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n ní kí n padà wá ní Mọ́ńdé. Mo padà ní Mọ́ńdé, wọ́n ní ọ̀gá ti rìnrìn-àjò. Inú bí mi, mo fẹ́ padà sílé kí n da kọnkéré. Àbúrò wa Awalẹ̀ ló bá mi pe ẹnì kan tó mọ̀ ní yunifásítì, àwọn mẹ́rin sì dé ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́fà. Okùn ni wọ́n kọ́kọ́ ta, wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ kékeré àti ṣíbí bíríkìlà ni wọ́n fi ń ha ilẹ̀, wọ́n sì ń jọ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ nínú asẹ́. Èédú, wọ́n kò fi ọwọ́ lásán kàn án rárá, fóìlì tí a fi ń sè mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi dì í, wọ́n kọ nọ́ńbà sára kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti wọn ọjọ́ orí rẹ̀. Wọn kò tíì gbọ́ èsì.

Kò sí orí amọ̀. Ìléru ni, bí Bàbá ṣe wí, méjì sì ni, èkejì wà lábẹ́ ibi tí mo fẹ́ fi ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò. Kò sẹ́ni tó ní kí n kúrò lórí ilẹ̀ mi. Wọ́n ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, wọ́n yà á sórí ìwé, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Mo gbé sókàwéè lọ sí ìhà kejì, ó sì ná mi lówó. Mo yí àwòrán ilé náà padà kí ibẹ̀ lè jẹ́ ọgbà.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí inú mi dùn jù. Èyí tó fi dígà fọ́ páìpù àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ Benue ni, ó bá wọn jọ iyẹ̀pẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìgba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Òun ló rí ìdajì páìpù náà tó kù nínú òkìtì tí wọ́n ti dà síta. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó bá ara wọn mu géérégé.

Ọkùnrin ọ̀kadà padà wá. Ó rí okùn àti àwọn èèyàn, kò sọ̀kalẹ̀.

Bàbá_Alágbẹ̀dẹ_Mínnà kọ:

Ọlọ́run á jẹ́ kí o gbé ilé náà pẹ́, ọmọ mi. Páìpù mélòó ni wọ́n rí lápapọ̀? Àti pé ihà wo ni ìdàrọ́ ṣàn sí?

Àkànní_Kwali kọ:

Páìpù méje, Bàbá. Ìdàrọ́ ṣàn sí ìsàlẹ̀ òkè, síhà odò. Ọmọ yunifásítì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bi mí pé kí ni a ń pè é ní Yorùbá, mo ní ìdàrọ́, ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí olórí abúlé sọ fún un ní Gbagyi. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè wá láti Mínnà wá wo àwọn fọ́tò náà. Èmi ló máa wá gbé yín.